Crush washer, peel washer, ṣíìmù, jam nut: èwo ló yẹ ẹnu ìbọn yín?

Àwòrán kan wọlé sórí WhatsApp mi láàárọ̀ Sátidé kan. Àbúrò wa kan tó ń gbé ní Katy, lẹ́bàá Houston, ló fi í ránṣẹ́. Ó ra bíréèkì ẹnu ìbọn (irin tó ń dín bí ìbọn ṣe ń gbún èjìká kù) fún ràífù AR-15 rẹ̀, ó tú u sórí tábìlì, ó wá rí i pé irin náà nìkan kọ́ ló wà nínú páálí. Wọ́ṣà kan wà níbẹ̀ tó rí bí abọ́ kékeré, àpò ọ̀rá pélébé kan náà sì wà tí òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Èwo ni kí n fi sí i nínú gbogbo eléyìí?"

Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wo iye tí wọ́n ń ta bíréèkì, a máa ń wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, a kì í wo wọ́ṣà tó máa jókòó láàárín òun àti ọ̀pá ìbọn. Bẹ́ẹ̀ wọ́ṣà yẹn ló ń pinnu ibi tí irin náà máa kọjú sí, òun ló ń pinnu bóyá ó máa dúró gbọọrọ, òun náà ló sì ń pinnu ohun tẹ́ ẹ lè gbé lé e lórí tó bá dọ̀la. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí, kẹ́ ẹ lè rí ìyàtọ̀ wọn.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹni tó wà nílé ní Nàìjíríà mọ̀ pé òfin ìbọn ibẹ̀ le ju ti ibí lọ jìnnà. Níbí pàápàá, òfin ìpínlẹ̀ kan kọ́ ni ti èkejì. Ní California, flash hider (irin ẹnu ìbọn tó ń dín iná tó ń bù yẹ̀rì lẹ́nu ìbọn kù) wà lára ohun tó lè sọ ràífù di èyí tí òfin kà léèwọ̀. Ní Texas, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó náwó.

Ṣé tiyín tilẹ̀ ní òkè àti ìsàlẹ̀?

Ẹ gbé irin ẹnu ìbọn náà sọ́wọ́, kẹ́ ẹ yí i wò yíká. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí lókè náà ló rí nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọ̀pọ̀ flash hider oníka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí linear comp tó ń ti ariwo síwájú, ẹ ò ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa wá òkè fún. Ẹ dè é mọ́ èjìká ọ̀pá ìbọn, ibi tí ọ̀pá ti nípọn sí i lẹ́yìn tírẹ́ẹ̀dì, dé ìwọ̀n tí olùṣe rẹ̀ kọ, iṣẹ́ ti parí. Mo ti rí ẹni tó ra ṣíìmù fún irú irin bẹ́ẹ̀, tó fi wákàtí méjì wá òkè tí kò sí lára rẹ̀.

Àwọn tó ní òkè ni wàhálà wà fún. Ẹ wo flash hider A2, èyí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu AR-15. Àwọn M16 àkọ́kọ́, ìbọn àwọn ológun Amẹ́ríkà, lo oníka mẹ́ta tí ẹnu rẹ̀ là, ó sì máa ń kọ́ koríko àti ìtàkùn nínú igbó Vietnam. Wọ́n wá ṣe èyí tí ẹnu rẹ̀ pa dé, tó dà bí àgò ẹyẹ, tí ihò gbọọrọ gbọọrọ yí ká. Nígbà tí M16A2 dé ní àwọn ọdún 1980, wọ́n dí ihò ìsàlẹ̀ pa, kí eruku má bàa bo ojú ẹni tó dojú bolẹ̀ tó ń yìnbọn. Ibi tí wọ́n dí yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀. Tó bá wé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbọn náà á ṣì yìn, àmọ́ àǹfààní tí wọ́n torí rẹ̀ dí i ti lọ nìyẹn.

Bíréèkì àti comp ò gba irú ìdẹ̀ra bẹ́ẹ̀ rárá. Ihò bíréèkì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, gáàsì ń gba ibẹ̀ jáde, ó sì ń fa ìbọn síwájú kó má bàa gbún èjìká yín. Ihò comp wà lókè, gáàsì tó gba ibẹ̀ jáde ń ti ẹnu ìbọn wálẹ̀ kó má fò. Tí ẹ bá wé e kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà, gáàsì tó yẹ kó gba òkè á gba ẹ̀gbẹ́, á sì máa ti ẹnu ìbọn sí òdìkejì lọ́wọ́ kan náà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yìn ín. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti rí bíréèkì tó wé tó ìwọ̀n agogo kan. Ẹni tó ni ín ti yí ẹ̀rọ ìwòran rẹ̀ títí ó fi sú u, kò mọ̀ pé ẹnu ìbọn ni àìsàn náà wà.

Látibí lọ, agogo ni màá máa fi ṣàlàyé. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ dúró síwájú ẹnu ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ ti yọ upper (ìdajì òkè tó gbé ọ̀pá ìbọn) kúrò lára lower (ìdajì ìsàlẹ̀ tó gbé ohun ìfàyìn), tẹ́ ẹ sì ti yọ bolt (irin tó ń ti ọta wọlé) jáde. Òkè ni agogo 12. Tí tírẹ́ẹ̀dì bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀ ń dè é nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí i bí ọwọ́ agogo ṣe ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí lára ìbọn tẹ́ ẹ kò tíì tú báyẹn.

Crush washer

Èyí ni abọ́ kékeré tó wà nínú páálí àbúrò wa. Irin rírọ̀ ni, wọ́n mọ ọ́n bíi fìlà tó dojú dé, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń dè é ló ń rún, tó ń pẹlẹbẹ. Bó ṣe ń rún yẹn ló ń fún yín láyè láti tẹ̀ síwájú láti agogo kan sí òmíràn láì jẹ́ kí irin náà dẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà dáadáa lè lò ó, ó sì ti tó fún flash hider A2 àti fún bíréèkì tí ẹ ò ní gbé nǹkan kan lé lórí láéláé. Mo ní in lára ràífù kan tí mo fi ń lé ẹlẹ́dẹ̀ igbó lóko ọ̀rẹ́ mi, láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sì tíì mira.

Ẹ fi ọwọ́ dè é kẹ́ ẹ wo ibi tó dúró sí. Ibi tó dára jù ni kó wà láàárín agogo 6 sí 9, kẹ́ ẹ lè fi sípánà yí i ní ìdá mẹ́rin sí ìdajì ìyípo kó tó dé 12. Níbẹ̀ ni wọ́ṣà náà á ti rún tó bó ṣe yẹ. Tí ọwọ́ lásán bá ti gbé e dé 11, kò sí àyè fún rírún mọ́: ẹ ó dé 12 nígbà tí kò tíì le, tàbí kẹ́ ẹ fipá wá ìyípo kan lódindi. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ gbìyànjú òmíràn. Nípọn wọn kì í dọ́gba, òmíràn sì lè dúró síbi tó wù yín. Wọ́ṣà méjì kò gbọ́dọ̀ jókòó léra.

Àléébù rẹ̀ méjì kan ló ṣe pàtàkì. Èkíní, tẹ́ ẹ bá ti kọjá 12, ẹ má yí i padà sẹ́yìn. Wọ́ṣà tó ti rún kì í tún gbéra. Tẹ́ ẹ bá dá irin náà padà, ó ti dẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó le. Ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ mú tuntun. Bákan náà ló rí nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá tú irin ẹnu ìbọn sílẹ̀.

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Crush washer kì í rún dọ́gba yíká. Apá kan lè pẹlẹbẹ ju apá kejì lọ, irin tó jókòó lé e á sì fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Fún flash hider, ìyẹn ò ṣe nǹkan. Fún irin tí sàìlẹ́ńsà (ohun tó ń dín ariwo ìbọn kù) máa wọ̀ lé, ewu ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: tí irin náà bá fẹ̀gbẹ́ ní ìdajì dìgírì kan péré, òpin sàìlẹ́ńsà tó gùn ní íǹṣì 7 ti kúrò lójú ọ̀nà ní nǹkan bí 0.06 íǹṣì. Nínú ọ̀pọ̀ sàìlẹ́ńsà fún ọta 5.56 tí AR-15 ń yìn, àlàfo tó wà láàárín ọta àti ẹ̀gbẹ́ ihò náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ọta á kọlu irin inú rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là rà á bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó wà nítòsí sì lè fara pa. Àwọn tó ń ṣe sàìlẹ́ńsà kọ ọ́ sínú ìwé wọn kedere pé kí ẹnikẹ́ni má fi crush washer sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbà wọ́n gbọ́.

Ṣíìmù

Ṣíìmù ni òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú àpò ọ̀rá yẹn. Irin líle pẹlẹbẹ ni, kì í rún, ojú rẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Irin tó bá jókòó lé e á dúró gbọọrọ bí èjìká ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀ ṣe gbọọrọ tó. Ẹ lè tú u kẹ́ ẹ tún lò ó. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, màá sì sọ ìdí tí àwọn kan fi ń sá fún un: ó gba ìṣirò. Àmọ́ ìṣirò náà kò le tó bí wọ́n ṣe rò.

Tírẹ́ẹ̀dì AR-15 5.56 jẹ́ 1/2x28, ìyẹn ni pé ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì, tírẹ́ẹ̀dì 28 ló sì wà nínú íǹṣì kan. Ìyípo kan ń gbé irin náà wọlé ní 1/28 íǹṣì, tó jẹ́ 0.0357. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12 bí agogo: wákàtí kan jẹ́ 0.003 íǹṣì. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, òun ni gbogbo àṣírí náà. Ní ti ìbọn ọta .308, tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 5/8x24, wákàtí kan á jẹ́ 0.0035 íǹṣì.

Wàyí o, ẹ dè é lọ́wọ́ láìsí ṣíìmù kankan. Ká ní ó dúró sí agogo 4. Sípánà ṣì máa tì í díẹ̀ síwájú nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é dé ìwọ̀n tọ́ọ̀kì (agbára ìyípo tí olùṣe kọ), ó máa ń tó nǹkan bí ìdajì wákàtí lára ìbọn mi, nítorí náà ẹ fẹ́ kí ọwọ́ lásán gbé e dúró sí bí agogo 11 àbọ̀. Láti 4 padà sí 11 àbọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.003, ó di nǹkan bí 0.0135. Ṣíìmù 0.010 kan àti 0.003 kan á gbé yín débẹ̀. Ẹ fi wọ́n sí i, ẹ fọwọ́ dè é, ẹ wò ó. Tó bá ṣẹ́ kù díẹ̀ tàbí tó lé díẹ̀, ẹ pààrọ̀ ṣíìmù tó kéré jù, ẹ má fọwọ́ kan ńlá. Ẹ rántí pé ṣíìmù tẹ́ ẹ bá fi kún un ń mú kó tètè dúró, èyí tẹ́ ẹ bá yọ ń jẹ́ kó rìn síwájú sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà tí wọ́n á sì máa yọ èyí tó yẹ kí wọ́n fi kún un.

Ẹ lo èyí tó bá kéré jù lọ ní iye. Méjì dára ju mẹ́rin lọ. Kí ojú wọn mọ́ tónítóní, torí yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tàbí èéfín ìbọn tó gan mọ́ èjìká ọ̀pá lè fi kún nípọn wọn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, á sì tún gbé irin náà fẹ̀gbẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ṣíìmù bọ́ sínú ihò tírẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti gé e kan èjìká. Tó bá há síbẹ̀, á fún, á sì ya. Èmi máa ń fi òróró díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká kí n tó yí irin náà wọlé, àyàfi tí mo bá fẹ́ fi gọ́ọ̀mù sí i.

Peel washer

Ẹni tó bá ra ìbọn bíi ti àwọn ológun á rí èyí. Awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ di wọ́ṣà kan, ẹ ó máa fi ẹnu abẹ́ bó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí irin náà á fi dé agogo tẹ́ ẹ fẹ́. Ìlànà ṣíìmù kan náà ni, àmọ́ odindi ni wọ́n ti fún yín, ẹ̀yin lẹ máa dín in kù. Ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì gbọọrọ. Iṣẹ́ sùúrù ni. Abẹ́ máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, awẹ́ á sì ya sí méjì kó tó kúrò tán. Tẹ́ ẹ bá bó jù, kò sí àtúnṣe, ẹ lọ ra òmíràn. Tí ṣíìmù bá wà nínú ilé, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa lò ó, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí A2 yín rí bí ti iṣẹ́ ológun gan-an.

Jam nut

Nọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń lọ sẹ́yìn irin ẹnu ìbọn. Ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀tì náà wọlé, ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú bíréèkì, ẹ gbé bíréèkì sí agogo 12, ẹ di í mú níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi sípánà yí nọ́ọ̀tì padà wá gbún un lẹ́yìn. Kò sí ìṣirò, kò sí ohun tí ẹ máa jù nù. Àwọn tó ń yìnbọn jìnnà fẹ́ràn bíréèkì tó ń tò ara rẹ̀ báyìí, torí wọ́n lè gbé e láti ara ìbọn kan sí òmíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ṣọ́ra fún un ni pé irin náà kò jókòó lé èjìká ọ̀pá mọ́. Tírẹ́ẹ̀dì nìkan àti nọ́ọ̀tì ló di í mú, tírẹ́ẹ̀dì sì máa ń ní àyè díẹ̀ tó lè mira. Fún bíréèkì tó dá dúró, kò sí wàhálà. Fún sàìlẹ́ńsà, àfi tí olùṣe bá kọ ọ́ pé irú èyí tí òun ṣe gbà á. Ó tún gùn ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, ó sì ń jẹ tírẹ́ẹ̀dì. Ẹ ka iye tírẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ́ kù fún bíréèkì fúnra rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á.

Ẹni tó ní AK lè fo gbogbo èyí. Tírẹ́ẹ̀dì AKM jẹ́ M14x1 ọlọ́wọ́ òsì, pín-ìnnì kékeré onísípíríǹgì tó yọ sórí ilé ìwòran iwájú ló ń di irin náà mú, ó ń bọ́ sínú ibi tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún un. Kò sí tọ́ọ̀kì, kò sí wọ́ṣà. Ẹ kàn má gbàgbé pé ọwọ́ òsì ni, kẹ́ ẹ má baà máa fún un le nígbà tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀ ń tú u.

Dídè é

Ìwọ̀n tọ́ọ̀kì tí ọ̀pọ̀ olùṣe kọ fún 1/2x28 wà láàárín 15 sí 30 ft-lb (foot-pound). Ìyẹn kéré. Nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò máa ń gba nǹkan bí 80 sí 100, èèyàn á sì rò pé irin tí iná ìbọn ń jáde lẹ́nu rẹ̀ yẹ kó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo nípọn ohun tẹ́ ẹ̀ ń dì: ìsàlẹ̀ tírẹ́ẹ̀dì 1/2x28 jẹ́ nǹkan bí 0.46 íǹṣì, ihò ọta tó wà láàárín rẹ̀ jẹ́ 0.224. Ohun tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 0.12 íǹṣì lọ, mílímítà mẹ́ta. Ẹnu ọ̀pá ni ọta ti ń fọwọ́ kan ìbọn kẹ́yìn kó tó lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ fagbára fún.

Tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì tí wọ́n fi ń de táyà kì í sábà dára fún iṣẹ́ yìí, torí pé ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ láti 20 tàbí 50 sókè, ìsàlẹ̀ ìwọ̀n wọn sì ni wọn kì í ti sọ òótọ́. Ẹ wá èyí tí 20 ft-lb máa bọ́ sáàárín ìwọ̀n rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi crowfoot (ẹnu sípánà tó ń wọ orí rẹ́ńṣì) sẹ́nu rẹ̀, ẹ fi í sí igun 90 dìgírì sí ọwọ́ rẹ́ńṣì, kí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ṣètò má yí padà. Tẹ́ ẹ bá nà án síwájú gbọọrọ, ó ti fi kún gígùn: rẹ́ńṣì íǹṣì 15 pẹ̀lú crowfoot íǹṣì 1.5 á sọ 20 di 22.

Níbi tẹ́ ẹ ti máa di ìbọn mú, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, torí èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀. Ìbọn àkọ́kọ́ tí mo ṣe, búlọ́ọ̀kù tó ń wọ inú ihò magasíìnì ni mo fi dè é mọ́ fáìsì. Mo fa sípánà lẹ́nu ìbọn. Gbogbo agbára tí mo fi síbẹ̀ rìn gba inú ọ̀pá lọ bá pín-ìnnì kékeré tó jókòó nínú ojú ihò upper. Alumíníọ̀mù ni upper, irin ni pín-ìnnì. Nígbà tí mo tú u lẹ́yìn náà, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ihò náà ti fẹ̀, ó ti ń tàn bí ibi tí wọ́n ti fi ìṣó há. Ilé ìwòran iwájú ti wé díẹ̀ sọ́tùn-ún, gas tube (páìpù tó ń gbé gáàsì padà sẹ́yìn) sì ń fara kan ibi tí kò yẹ kó kàn. Upper tuntun ni mo rà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ìbọn gan-an ni mo ń di mú: yálà pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù onígi tàbí alumíníọ̀mù tó yí i ká, nítòsí ẹnu rẹ̀, tàbí pẹ̀lú irin tó ń wọ inú barrel extension (ẹ̀yìn ọ̀pá níbi tí bolt ń há sí) láti ẹ̀yìn, tí eyín rẹ̀ ń bá eyín ibẹ̀ wọ ara wọn. Èyí kejì wọ́n díẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ kò tó ti upper kan.

Kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ti dé agogo 12, ẹ fi léfẹ́ẹ̀lì kékeré sórí rélì upper, ẹ mú u dúró déédéé, kẹ́ ẹ wá fi òmíràn sórí ibi pẹlẹbẹ lára bíréèkì. Ojú lásán máa ń tan ni jẹ, pàápàá tí ihò rẹ̀ bá jẹ́ rìbìtì.

Gọ́ọ̀mù, àti ìjórin

Ìwọ̀n tọ́ọ̀kì tó péye ti tó fún flash hider lásán. Irin tí sàìlẹ́ńsà ń wọ̀ lé nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí tí èéfín bá gan sàìlẹ́ńsà mọ́ ọn, ẹ ó máa tú sàìlẹ́ńsà, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì máa bá a jáde. Loctite pupa tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ yín kọ́ ni ẹ máa lò. Iná tó tó nǹkan bí 260 dìgírì Celsius ti ń tú u, ẹnu ìbọn tó ń yìn léraléra kì í sì í pẹ́ dé ìwọ̀n yẹn. Aláwọ̀ búlúù tilẹ̀ ń juwọ́ sílẹ̀ jìnnà sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rocksett ni wọ́n ń lò: seramíìkì ni, ó ń fara da iná tó lé ní 1,000 dìgírì Celsius, bẹ́ẹ̀ omi lásán ló ń tú u. Ẹ rì ẹnu ìbọn sínú omi di ọjọ́ kejì, ó máa jáde. Ẹ fi acetone nu tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì kí òróró kankan má kù, ẹ fi ẹ̀kán kan tàbí méjì sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó yìn ín. Ẹ tò ó tán pẹ̀lú ṣíìmù kẹ́ ẹ tó fi gọ́ọ̀mù yìí sí i o, torí pé ó máa ń gbẹ nígbà tẹ́ ẹ bá ṣì ń ronú.

Àwọn tó ní ọ̀pá íǹṣì 14.5 ni ìjórin kàn. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀pá ràífù kò gbọdọ̀ kéré sí íǹṣì 16, àfi tẹ́ ẹ bá ní ìforúkọsílẹ̀ pàtàkì. Irin ẹnu ìbọn tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọ̀pá pátápátá wà lára gígùn náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ATF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, gbà: kí wọ́n jó o mọ́ ọn yíká, kí wọ́n fi fàdákà tó ń yọ́ ní 1,100 dìgírì Fahrenheit ó kéré tán lẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n lu ihò, kí wọ́n fi pín-ìnnì sí i, kí wọ́n sì jó orí pín-ìnnì náà pa. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ rí i dájú pé gas block (irin tó ń gba gáàsì lára ọ̀pá) tẹ́ ẹ fẹ́ ló wà lára rẹ̀ àti pé handguard (ìbòrí ọ̀pá tí ọwọ́ ń dì mú) yín lè jáde, torí tí wọ́n bá ti jó o, kò sí ohun tó máa gba ẹnu ọ̀pá yọ mọ́. Ẹ yan irin tó tẹ́ yín lọ́rùn tán.

Èwo wá ni kí àbúrò wa lò? Mo bi í pé ṣé ó máa gbé sàìlẹ́ńsà sí i lọ́jọ́ kan. Ó ní òun ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ATF, òun ń retí àṣẹ, bíréèkì tí òun rà sì jẹ́ irú tí sàìlẹ́ńsà náà ń wọ̀ lé. Ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Mo ní kó ju abọ́ kékeré yẹn sínú àpótí, kó ṣí àpò ṣíìmù. Ó fọwọ́ dè é lásán, ó fi fídíò hàn mí: agogo 4. A jọ ṣírò ó lórí fóònù, 0.010 àti 0.003. Ó fi wọ́n sí i, ó fọwọ́ dè é, ó dúró díẹ̀ ṣáájú 12 gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹ́. Ó ní kí n dúró kó lọ fi rẹ́ńṣì parí rẹ̀ ní 20 ft-lb. Nígbà tó di alẹ́, àwòrán kejì wọlé: léfẹ́ẹ̀lì kékeré méjì, ọ̀kan lórí rélì, ọ̀kan lórí bíréèkì, omi inú àwọn méjèèjì sì wà láàárín ìlà gan-an.